ATRT àbí medulloblastoma: kí ni MRI lè sọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin akẹgbẹ́, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 bá ní kókó nínú cerebellum (apá ẹ̀yìn ọpọlọ ní ìsàlẹ̀), tó sì dúdú lórí ADC (àwòrán MRI tó ń fi bí omi ṣe ń rìn nínú ẹran ara hàn), báwo lẹ ṣe ń ya ATRT àti medulloblastoma, oríṣi jẹjẹrẹ ọpọlọ méjì tó ń mú ọmọdé, sọ́tọ̀?

Èsì 1: ADC nìkan ò tó. Sẹ́ẹ̀lì àwọn méjèèjì há mọ́ra, omi kì í ráyè rìn láàárín wọn. Ẹ wo ibi tó wà: medulloblastoma sábà máa ń wà láàárín gan-an, ATRT a máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn gadolinium (oògùn tí wọ́n ń fún sínú iṣan kí kókó lè tàn nínú àwòrán, 0.1 mmol fún kílò ìwọ̀n ara kan), bí ẹ bá rí ọ̀já tó ń tàn kọ́lọkọ̀lọ yí àárín tó ti kú ká, tí àpò omi wà létí rẹ̀, ẹ fura sí ATRT.

Èsì 2: Ẹ fi SWI (àwòrán MRI tó ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn) kún un o! Ẹ̀jẹ̀ inú kókó lè sọ ADC di irọ́. Kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Bó bá di ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn wálẹ̀ á jọ jẹjẹrẹ tó ti tàn ká.

Èsì 3: Òótọ́ ni, àmọ́ ayẹ̀wò INI1 (purotéènì tó sábà máa ń sọnù nínú sẹ́ẹ̀lì ATRT) lára ẹran tí wọ́n bá gé ló máa parí ọ̀rọ̀.