Ìmọ̀ràn: ilé iṣẹ́ mọ́tò kékeré ayé àtijọ́ l'Amẹ́ríkà wo ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí?

Àbíkẹ́ Gáréèjì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ nípa bí mọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Ìtàn Ford ti sú wọn. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mò ń wá. Èwo lẹ máa mú?

Baba Púlọ́ọ̀gì: Stanley ni o. Ìbejì ló dá a sílẹ̀, Táyé àti Kẹ́hìndé pátápátá! Ooru omi híhó ló ń wa mọ́tò wọn. Ní 1906, ọ̀kan sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan ní etíkun Florida. Kí lẹ tún ń wá?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Baba, mo gbọ́, àmọ́ C.R. Patterson & Sons ti ìlú Greenfield ní Ohio ni tèmi. Ẹrú ni wọ́n bí Charles Patterson sí ní Virginia ní 1833. Ó di alágbẹ̀dẹ ní Greenfield, òun àti òyìnbó kan tó ń jẹ́ J.P. Lowe sì da iṣẹ́ pọ̀ ní 1873, wọ́n ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ní 1893 ó ra ìpín Lowe. Nígbà tó kú ní 1910, Frederick ọmọ rẹ̀ (aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún yunifásítì Ohio State) ló gba iṣẹ́ náà. Ó rí i pé mọ́tò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Wọ́n kọ́kọ́ ń tún mọ́tò oní-mọ́tò ṣe. Ní 1915, wọ́n gbé tiwọn jáde: Patterson-Greenfield.

Jẹ́jẹ́ Layé: Ṣé àwọn ló ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Rárá, ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin ti ilé iṣẹ́ Continental ni wọ́n rà. Bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré ṣe ń ṣe nìyẹn.

Baba Púlọ́ọ̀gì: Mélòó ni wọ́n tà? Àwọn òpìtàn ní bóyá 30, bóyá 150. Ẹyọ kan ò sì ṣẹ́ kù tí èèyàn lè fojú rí. Stanley ṣì ń rìn títí dòní!

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Òótọ́ ni, Baba. Dọ́là 850 ni wọ́n ń ta tiwọn, ti Ford ò sì tó 500. Ta ló máa rà á? Ṣùgbọ́n wọn ò ká iṣẹ́ nílẹ̀. Láti 1920, bọ́dì bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kàn lé ṣáásì (egungun abẹ́ mọ́tò) Ford àti ti General Motors, bí àwọn tiwa ṣe kan mólúè. Bọ́ọ̀sì wọn kó ọmọ ilé ìwé káàkiri Ohio. Frederick kú ní 1932, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé ní 1939.

Àbíkẹ́ Gáréèjì: Mo mú Patterson. Ẹ má bínú, Baba, ìbejì ń bọ̀ nígbà míì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Láti orí bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ti orí ẹrú bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni wọ́n máa gbọ́, wọn ò ní gbọ́ iṣẹ́. Kí ẹ sì kọ 850 àti 500 yẹn sójú pátákó, kí wọ́n fúnra wọn sọ ìdí tí mọ́tò náà ò fi tà.