Olùgbà kọ́, ojúhò ni: lórí morphine àti àwọn ẹbí ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ka ohun tí bọ̀dá wa mú wá lánàá, pé kí á máa pe ibi tí oògùn ìrora bíi morphine ti ń dì mọ́ ara ní "olùgbà", kí á sì máa pe oògùn tó ń dí i lọ́wọ́ ní "adènà". Wọ́n fi aró tì í lẹ́yìn, wọ́n ní ṣebí Òṣogbo ìlú aró ni wá, aṣọ òwú ń gba aró, polyester kì í gbà á dáadáa, torí náà ohun tó bá ń gba nǹkan, olùgbà ni. Ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ mi ò lè fara mọ́ ọn, kẹ́místì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Fíà ńbí, ojoojúmọ́ ni mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi ṣàlàyé tramadol fún èèyàn.

Aṣọ tó bá ti gba aró ti gbà á nìyẹn. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, aró ṣì wà ńbẹ̀. Oògùn ò rí bẹ́ẹ̀, ó ń wọlé ó ń jáde ni. Naloxone, oògùn tó ń gbapò morphine, tí wọ́n ń gún fún ẹni tí morphine pọ̀ jù lára ẹ̀ tí ò lè mí dáadáa mọ́, bí ìṣẹ́jú 30 sí 90 ló ń lò kó tó kúrò, tí morphine bá sì ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ á tún padà síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì ò fi gbọ́dọ̀ tètè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Aró wo ló ń ṣe báyẹn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń ta àdìrẹ wá ra oògùn orúnkún. Mo ń sọ fún wọn pé oògùn kan lè dé ibi tó yẹ kó dé kó má sì ṣe nǹkan kan ńbẹ̀. Màmá tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn ní etí ìró, wọ́n gbé e sókè, wọ́n ní, "Ó wọlé, àmọ́ kò yí." Wọ́n ní ọmọ àwọn lọ gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ kan, ó wọ inú àgádágodo wẹ́kú, ló bá há síbẹ̀, ojúlówó ò ráyè wọlé mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ ò rí i! Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Látìgbà yẹn ni mo ti ń pe ibi tí oògùn ń dì mọ́ ní ojúhò, bíi ojú ihò kọ́kọ́rọ́, oògùn tó wọlé tó sì yí, awọléyí, èyí tó wọlé tí ò yí, awọlé-má-yí. "Adènà" ò bá a mu, ojú ọ̀nà ni adènà ń dúró sí, naloxone ò dúró sójú ọ̀nà kankan, inú ihò gangan ló jókòó sí. Àwọn tí wọ́n fi hàn lọ́dún 1973 pé ojúhò yìí wà nínú ọpọlọ, Candace Pert àti Solomon Snyder ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, naloxone tí wọ́n fi ìtànṣán sàmì sí lára ni wọ́n fi wá a rí. Awọlé-má-yí ló júwe ilé!

Ẹnì kan á ní ṣé ihò ni lóòótọ́. Ihò ni. Àwòrán tí wọ́n rí yà lọ́dún 2012 fi hàn pé ó jìn, ẹnu ẹ̀ sì là síta. Nítírójìn ara morphine ń ru iná pọ́sítíìfù, nǹkan kan nínú ihò yẹn ń ru iná nẹ́gátíìfù, àwọn méjèèjì á fa ara wọn. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìdìmọ́. Ẹ má jẹ́ ká pe gbogbo ẹ̀ ní "agbára" o, torí buprenorphine, oògùn ìrora míì, ń dì mọ́ ojúhò débi pé ó lè lé morphine kúrò, síbẹ̀ ààbọ̀ ló ń yí i. Ìdìmọ́ lọ́tọ̀, yíyí lọ́tọ̀.

Ohun kékeré ló sì ń yà wọ́n. Oxymorphone, tí òun náà jẹ́ oògùn ìrora, àti naloxone fẹ́ẹ̀ jẹ́ ìbejì, ìrù tó wà lára nítírójìn nìkan ni ò dọ́gba, ọ̀kan yí, ìkejì ò yí. Codeine náà, morphine tí wọ́n dé fìlà fún eyín ẹ̀ kan ni, kò lè dì mọ́ ojúhò dáadáa àfi tí ẹ̀dọ̀ bá ṣí fìlà yẹn. Tramadol náà ń dúró de ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ tèmi àti tiyín ò sì yára bákan náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má fi ìwọ̀n ẹlòmíì lò ó.

Ibi tí mo ti há nìyí. Levorphanol ń pa ìrora, dextrorphan tó jẹ́ àwòrán ẹ̀ nínú dígí ò lè ṣe é, bíi bàtà ọ̀tún àti ti òsì, ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì. Kí ni ká máa pe irú méjì bẹ́ẹ̀? "Ìbejì" ò tó, mo ti lò ó lókè. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a.