Ohun tí mo gbọ́ nínú mọ́tò mi kí n tó wo fíìmù Booksmart

Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ti tọ́ ọmọbìnrin mi dàgbà, àwọn òbí tó bá ń gbé ibẹ̀ yóò sì mọ ìdí tí ipò ọmọ nínú kíláàsì fi ń gba oorun lójú wa. Láti ọdún 1997 ni òfin ti wà ní ìpínlẹ̀ náà pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá tó ṣáájú nílé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ ní àyè ní yunifásítì ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wà ní Austin ti mú kí tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọmọ wa kì í jáde lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá sí nídìí ìwé, á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó na pàṣán sí i kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ràn kí orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú.

Èmi máa ń fi mọ́tò mi gbé èrò lálẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ní oṣù tí wọ́n fẹ́ jáde ìwé, mo gbé àwọn ọ̀dọ́ kan láti òde àríyá, òórùn lọ́fíńdà àti ti ọtí sì gba inú ọkọ̀ kan. Èyí tó jókòó níwájú rí sítíkà ilé-ẹ̀kọ́ wọn lára gíláàsì mi, ó sì béèrè ọmọ tí mo bí níbẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan rẹ́rìn-ín tó ní orí ọmọ mi pé gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń wò wọ́n bí ẹni tó ń ka àbùkù wọn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí kálukú ń lọ: ọ̀kan ń lọ sí Austin, òmíràn ti rí àyè ní yunifásítì Rice. Àwọn ọmọ tí a ti fi ṣe àpẹẹrẹ aláìníláárí nílé wa nìyẹn o! N kò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí bàbá ń rù wá fún ọmọ.

Ọmọ mi ló yan fíìmù Booksmart fúnra rẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Olivia Wilde ló darí rẹ̀, ọdún 2019 ló jáde, òun sì ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí obìnrin náà darí. Beanie Feldstein ṣe Molly, Kaitlyn Dever ṣe Amy, àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní Los Angeles tí kò mọ̀ ju ìwé lọ. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni Molly ti gbọ́ tí wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́; ó jáde sí wọn, ó fi yunifásítì ńlá Yale tó ń lọ fọ́nnu, àfi bí ọmọbìnrin tí wọ́n ń pe orúkọ burúkú mọ́ ṣe dáhùn pé Yale lòun náà ń lọ. Ẹnì kan ń lọ sí Stanford, ẹnì kan ti ríṣẹ́ ní Google. Gúgúrú dúró lẹ́nu ọmọ mi. Ó wò mí, èmi náà wò ó, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́ nínú mọ́tò fún un níbẹ̀.

A jọ jiyàn lé e gan-an. Èmi tí mo kàwé ní Ìbàdàn, ẹni tó bá ṣeré nígbà tiwa, JAMB ló máa ń dá a lóhùn, nítorí náà kí ọmọ ṣeré kó sì tún wọ yunifásítì ńlá kọ́kọ́ jọ àlá lójú mi. Lóòótọ́, owó wà lẹ́yìn àwọn kan nínú àwọn ọmọ inú fíìmù náà; ọ̀kan tilẹ̀ ṣe pátì nínú ọkọ̀ ojú omi, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó wá. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní kì í ṣe pé wọn kò kàwé, pé wọ́n kàwé tán ni wọ́n tó ṣeré, àti pé ìwé kọ́ ni àṣìṣe Molly bí kò ṣe ojú ẹ̀gàn tó fi ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbà fún un.

Èyí tó kù jẹ́ ẹ̀rín ṣáá. Molly àti Amy náà jáde lọ ṣeré, wọ́n jẹ èso strawberry tí oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí ara wọn bí ọmọláńgidi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tí Jason Sudeikis ṣe, ló wá fi mọ́tò gbé wọn, nítorí owó oṣù kò tó o. Èmi ló rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú rẹ̀ o, kí ẹ má fi hàn ọmọ kékeré. Ibi tí ẹ̀rín ti dúró ni ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jà lójú gbogbo ayé, tí ohùn wọn pòórá tí àwọn èèyàn sì ń fi fóònù ká a, nítorí Amy ti fi í pamọ́ pé ọdún kan gbáko lòun máa lò ní Botswana.

Àwọn méjèèjì ní àdéhùn kan: bí ọ̀kan bá ti pe “Malala”, èkejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e láìbéèrè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, Malala. Wọ́n pè mí sí pátì.” Mo ní òfin yẹn kò de bàbá, kó kọ àdírẹ́sì ilé náà sílẹ̀, kó sì fún mi ní nọ́ńbà òbí tó máa wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́, ó lọ, mo sì jáde lọ gbé èrò mi.