Àkìlẹ́nu, àtijọ́ àti àwòṣe: orúkọ wo ló yẹ ìbọn tí a fẹ́ tà?

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà mi,

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí ó yẹ kí á kọ sínú àpèjúwe nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ta ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Àwọn kan ní "ṣakabùlà" ti tó. Àwọn mìíràn fara mọ́ "ìbọn àtijọ́". Mo bọ̀wọ̀ fún èrò méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn.

Ṣakabùlà jẹ́ orúkọ irú ìbọn gígùn kan tí àwọn ọdẹ mọ̀ dáadáa, kò sì lè gba ìbọn ìléwọ́ mọ́ra. Mo dábàá "ìbọn àkìlẹ́nu", kí "àkìnídìí" sì jẹ́ ìkejì rẹ̀ fún èyí tí a ń ki ọta sí láti ìdí. Kíkì ni Yorùbá ti ń ki ìbọn tipẹ́, nítorí náà kò sí ohun àjèjì nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

"Àtijọ́" ni ó gba àròjinlẹ̀. Ọ̀nà tí ìbọn ń gbà gba ẹ̀tù kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa, òfin sì tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìbọn ti ọdún 1968 ka èyí tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó tún ka ọ̀pọ̀ àkìlẹ́nu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ mọ́ ọn, bí ó bá jẹ́ ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe wọ́n fún, tí wọn kò sì lè gba ọta alágolo (èyí tí ọta àti ẹ̀tù jọ wà nínú agolo kan). Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tiwọn, tí òun náà jẹ́ ti 1968, kò fún àwòṣe òde òní, ìyẹn ìbọn tuntun tí wọ́n wo ti àtijọ́ ṣe, ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ "ìbọn àtijọ́" lásán, ṣé ọjọ́ orí ló ń sọ ni, àbí ipò ìbọn náà lábẹ́ òfin? Olùrà kò ní mọ̀, owó rẹ̀ á sì ti lọ.

Fún ìdí kan náà, ẹ má jẹ́ kí á pe gbogbo àwòṣe ní "ayédèrú". Ìbọn tí wọ́n rọ ní Ítálì láìpẹ́, tí òǹtẹ̀ ibẹ̀ àti àmì ọdún rẹ̀ ṣì hàn lára irin, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ: àwòṣe ni. Ìgbà tí ènìyàn bá fi ayùn ha òǹtẹ̀ náà kúrò kí ó lè tà á bí ohun ayé àtijọ́ ni ó di ayédèrú.

"Òǹtẹ̀ ìdánwò" náà kì í ṣe "orúkọ alágbẹ̀dẹ", bí ẹnìkan ti túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti fi ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ dán irin ìbọn náà wò, tí kò sì bẹ́. Ọdún 1813 ni wọ́n dá ilé ìdánwò ti Birmingham sílẹ̀, nítorí náà òǹtẹ̀ ibẹ̀ kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Bákan náà, "TOWER" tí a ń rí pẹ̀lú adé lára irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ìbọn kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni: Tower of London, ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ohun ìjà sí, ni ó ń tọ́ka sí.

Mo fẹ́ kí á gba "àyípadà" fún ìbọn olókùúta (èyí tí òkúta ń ṣá irin kí iná lè ta sí ẹ̀tù) tí wọ́n sọ di onífìlà (èyí tí fìlà bàbà kékeré ń tanná sí ẹ̀tù) nígbà ayé rẹ̀. "Àtúnṣe" kò bá a mu, nítorí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi awò wo irin pẹlẹbẹ náà dáadáa lè rí àmì róbótó níbi tí wọ́n ti fi irin dí ihò ìdè tó mú irin tí òkúta ń ṣá dúró. Àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àyíká rẹ̀.

Ní ti "òfìfo", kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ láìwọn ìbọn. Láìgbé ojú tàbí ara sí iwájú ẹnu ìbọn, kí ó ti ọ̀pá wọlé títí yóò fi dúró, kí ó sàmì sí i lẹ́nu ìbọn, kí ó sì gbé e lé ẹ̀gbẹ́ irin náà lóde láti fi wọ̀n ọ́n. Bí kò bá dé ibi ihò iná (ihò tí iná ń gbà wọlé bá ẹ̀tù), ó ṣeé ṣe kí ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ̀tù dúdú ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì lè gbiná síbẹ̀. Kí ó gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́.

"Onífìlà" nìkan ni ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí. Bí ẹnìkan bá mọ orúkọ tí àwọn tó ń rọ ìbọn fúnra wọn ń pe fìlà bàbà kékeré yẹn, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá kí á tó fẹnu kò.