Ẹnu fáìsì mi kò pàdé lókè, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin káfíńtà. Mo ra fáìsì onírin àlòkù kan (irin ẹlẹ́nu méjì tí à ń yí pa láti fi di pákó mú), ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 9, mo sì fẹ́ dè é mọ́ abẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi. Pákó ìrókò oníńṣì 2 ni ojú tábìlì náà. Irin ọ̀hún wúwo, ni mo bá pe ọ̀rẹ́ mi méjì. Ọ̀kan sùn sábẹ́ tábìlì, ó fi àyà gbé e (ó ṣì ń bi mí léèrè owó ẹmu rẹ̀), èkejì dì í mú, èmi ń lu ihò.

Ó dúró dáadáa. Àmọ́ tí mo bá yí i pa, ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kanra, òkè á ṣì là sílẹ̀. Bí mo bá ti gbé ìfági lé pákó tó wà lẹ́nu rẹ̀, pákó á yọ̀ bọ́. Mo ti tún bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún, mo ti ki pílíwúùdù pẹlẹbẹ sáàárín òun àti tábìlì, pàbó ló já sí.

Ṣé kí n fá pákó tí mo máa kàn mọ́ ẹnu rẹ̀ kí òkè nípọn ju ìsàlẹ̀ lọ ni, àbí ẹ̀yìn fáìsì ni kí n tún gbé? Tó bá jẹ́ fífá, báwo ni òkè ṣe gbọ́dọ̀ nípọn jù ú lọ tó?