Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àwo Haruna Ìṣọ̀lá tó ń falẹ̀: ó ti yanjú

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará Abuja. Àwo Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, tí mo sọ fún yín pé ó ń falẹ̀, tó tún ń ta pàpàpà, kò jẹ̀bi. Bẹ́líìtì, rọ́bà tó ń yí abọ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àwo, ló ti dẹ̀. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí abọ́ tó ń yí, kí ẹ ka iye ìgbà tó yí: àwo 33⅓ (tó ń yí ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan) gbọ́dọ̀ yí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú 3. Tèmi yí 94. Bẹ́líìtì tuntun gbé e dé 100, ohùn bàbá bá padà.

Ní ti ariwo pàpàpà, eruku ọyẹ́ ló fà á. Aṣọ gbígbẹ ń mú kó lẹ̀ mọ́ àwo sí i ni. Ẹ fi omi bátìrì (kì í ṣe ásíìdì o!) rin aṣọ múlọ́múlọ́, kí ẹ nù ún tẹ̀lé ìlà yípo, kí omi má kan bébà àárín.

Àwo 78 àtijọ́ (tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) ńkọ́? Ẹ má fi spírítì kàn án, yóò yọ́.