Ẹ̀kú irin ni, kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún ẹ̀rọ ńlá ọlọ́wọ́-ọlẹ́sẹ̀ tí ẹ̀dá inú géèmù máa ń wọ inú ẹ̀ lọ jà. Àwọn kan ní ká fi í sílẹ̀ ní "rọ́bọ́ọ̀tì", àwọn kan ní "ìhámọ́ra", ẹnì kan ní "ọkọ̀ ọlọ́wọ́-ọlẹ́sẹ̀", ẹlòmíì ní "ẹ̀wù irin". Èmi ò fara mọ́ ìkankan níbẹ̀, "ẹ̀kú irin" ni tèmi (ẹ̀kú, ìyẹn aṣọ tí eégún máa ń gbé wọ̀), mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí ẹ̀ dáadáa torí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an.

Ká má bàa máa sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ ká mú géèmù kan pàtó, Kirby: Planet Robobot tí HAL Laboratory ní Jàpáàn ṣe fún Nintendo 3DS, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká kan. Ọdún 2016 ló jáde, lóṣù kẹrin ní Jàpáàn, lóṣù kẹfà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Kirby ti wà látọdún 1992 lórí Game Boy, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká Nintendo ayé ìgbà yẹn, ẹ̀dá kékeré kan tó rí rìbìtì, aláwọ̀ píǹkì, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa rìn, kó máa fò látorí ibì kan sí ibòmíì, àti láti 1993 ló ti jẹ́ pé tó bá fa ọ̀tá sẹ́nu tó gbé e mì, agbára ọ̀tá yẹn á di tiẹ̀. Nínú ti 2016 yìí, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Haltmann Works gbógun wá sí ayé ẹ̀, wọ́n ń sọ gbogbo nǹkan di irin, igi di irin, ilẹ̀ di irin, àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ náà di irin. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jagun yẹn gan-an ni Kirby wá wọ̀, tó fi kọjú ìjà sí wọn.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí lójú síkírínì. Ẹ̀rọ náà á dúró gbagidi, kò sẹ́ni nínú ẹ̀, kò lè gbẹ́sẹ̀. Kirby á fò sínú ẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ á di píǹkì, ojú Kirby á yọ lára irin. Ọwọ́ tí ò ju kókó lọ tẹ́lẹ̀ á wá di ẹ̀ṣẹ́ ńlá tó ń fọ́ òkúta, tó ń gbé ẹrù tó wúwo, tó ń di síkúrù ràbàtà mú tó sì ń yí i títí tí ọ̀nà á fi ṣí. Tó bá pàdé ọ̀tá tó mú idà dání kò ní gbé e mì mọ́ o, ṣe ni ẹ̀rọ náà á tanná wò ó látòkè délẹ̀, apá ẹ̀ á di idà. Tó bá jẹ́ ọ̀tá oníná, iná láá máa tú. Tó bá jẹ́ onímáíkì, á di sípíkà ńlá tó ń fi ariwo jà, ó tún lè di mọ́tò tó ń sáré lójú títì, ó lè di bàálù tó ń yìnbọn lófuurufú.

Èwo nínú àwọn orúkọ tẹ́ ẹ dá ló gbé gbogbo ìyẹn?

Rọ́bọ́ọ̀tì ò gbé e. Ọ̀rọ̀ yẹn, èdè Czech ló ti wá, eré orí ìtàgé kan tí Karel Čapek kọ ní 1920 ló gbé e jáde fáyé, látara "robota" tó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe, irú èyí tí wọ́n ń fi tipátipá kó àwọn àgbẹ̀ lọ ṣe lóko olóyè. Ìyẹn ni pé ẹrú ni rọ́bọ́ọ̀tì látìbẹ̀rẹ̀, ohun tá a rán níṣẹ́ tó dá lọ tó dá ṣe é. Àwọn ará Jàpáàn pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Tetsujin 28-go, ìtàn alàwòrán tí Mitsuteru Yokoyama bẹ̀rẹ̀ ní 1956, rìmóòtù lọmọ inú ìtàn yẹn fi ń darí ẹ̀rọ tiẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò sí nínú ẹ̀. Ìgbà tí Go Nagai gbé ìtàn alàwòrán tiẹ̀, Mazinger Z, jáde ní 1972 lèèyàn wá jókòó sínú orí ẹ̀rọ, nǹkan sì yí padà, torí ẹ̀rọ tó o wà nínú ẹ̀, ibi tó bá gbá a, ó ń gbá ìwọ náà. Nígbà tí Gundam, eré alàwòrán orí tẹlifíṣọ̀n, fi máa dé ní 1979 aṣọ ni wọ́n kúkú fi pè é, "mobile suit". Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀wù irin, ẹ ò jìnnà sóòótọ́, àmọ́ ẹ̀wù lásán ò ń yí èèyàn padà.

Ìhámọ́ra sún mọ́ ọn ju ẹ̀wù lọ, mi ò ní purọ́, àwọn tó ṣe géèmù náà sì pe tiwọn ní Robobot Armor, Bíbélì náà ti mú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ wa lára, "ẹ gbé gbogbo ìhámọ́ra Ọlọ́run wọ̀". Ṣùgbọ́n ìhámọ́ra, ààbò ni. Ó ń gba ọfà dúró ni, kì í sọ ọwọ́ kúkúrú di gígùn. Dáfídì wọ ti Sọ́ọ̀lù, kò lè rìn nínú ẹ̀, ó bọ́ ọ sílẹ̀ ó sì fi kànnàkànnà lọ bá Gòláyátì. Ẹ jẹ́ ká fi ìhámọ́ra sílẹ̀ fún Meta Knight, jagunjagun inú géèmù Kirby tó fi irin bojú tó mú idà, ibẹ̀ ló ti bá a mu.

Àwọn tó ń pè é ní ọkọ̀ ní tiwọn ní ṣe ni wọ́n ń wà á, kí ló dé tá ò ní pè é lọ́kọ̀. Ẹ jẹ́ ká fetí sí èdè wa fúnra ẹ̀ ná. À ń gun ẹṣin, à ń gun ọ̀kadà, ẹni tó gun nǹkan wà lórí ẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ ló wà níta. Ṣùgbọ́n à ń wọ mọ́tò, à ń wọ aṣọ, à ń wọ ilé. Ohun táwọn ẹlòmíì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ṣé aṣọ ni àbí ọkọ̀, "wọ̀" ti parí ẹ̀ fún wa látayébáyé, Kirby wọ̀ ọ́, ó tán. Kí la wá ní nílẹ̀ Yorùbá tẹ́nì kan ń gbé wọ̀ tó bò ó látorí dẹ́sẹ̀, tí kò lè rìn bí kò sẹ́ni nínú ẹ̀, tẹ́ni tó wọ̀ ọ́ ò sì jẹ́ ẹni àná mọ́? Ẹ̀kú ni. Ẹ wá rántí àwọn eégún aláré, àwọn onídán, bí wọ́n ṣe máa ń paradà lójú agbo, eégún kan náà á di òjòlá, á di ọ̀nì, á di òyìnbó, gbogbo ẹ̀ lórí ìlù kan náà. Idà, iná, mọ́tò, bàálù tí Kirby ń dà nínú irin yẹn, "ìparadà" lorúkọ ẹ̀, a ò nílò láti dá ọ̀rọ̀ tuntun fún un. "Kirby gbé ẹ̀kú irin wọ̀, ó paradà di oníná." Ẹ sọ ọ́ sókè kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí, kẹ́ ẹ wá sọ "Kirby wa rọ́bọ́ọ̀tì, ó yí ipò padà sí ti iná".

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ohun òrìṣà ni ẹ̀kú, pé òbí tó jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí ò ní fẹ́ kọ́mọ òun máa pè é. Mi ò fojú kéré ẹ̀ rárá. Àmọ́ ẹ tan rédíò yín, ta ni atọ́kùn ètò? Ẹni tó ń tọ́ eégún sọ́nà ni atọ́kùn, a mú un látibẹ̀ lọ sórí afẹ́fẹ́, lónìí pásítọ̀ ń ṣètò lórí rédíò, wọ́n ń pè é ní atọ́kùn, ó sì ń dáhùn. Àlùfáà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ló ti wá, Bíbélì Yorùbá gbà á fún àwọn ọmọ Áárónì, kò sẹ́ni tó ń bínú sí i mọ́. Ọ̀rọ̀ a máa ṣí kúrò níbi tí wọ́n ti bí i, kí ibi tó ń lọ ṣáà ti bá a mu.

Ẹnì kan béèrè bóyá "agọ̀", orúkọ míì fún aṣọ eégún, ò ní sàn jù. Ó dáa lóòótọ́, àmọ́ bá a ṣe ń tẹ nǹkan lórí fóònù láìfi àmì sí i yìí, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n máa kà á sí. Ẹ̀kú náà ní ewu tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbàgbé àmì abẹ́ ẹ̀, eku irin lẹ kọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ túmọ̀ géèmù fáwọn ọmọdé, ẹ fàmì sí i.

Ibi kan ṣoṣo ni mi ò ní bá yín dé. Ẹnì kan ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀kú ni, ká kúkú máa pe ẹni tó wà nínú ẹ̀ ní ọ̀jẹ̀, orúkọ àwọn tó ń gbé eégún. Rárá o. Ọ̀jẹ̀ nílé, ó nídìílé, ó wà nínú orúkọ àwọn èèyàn, Ọ̀jẹ́wálé, Ọ̀jẹ́niyì, ìdílé ló ń gbé e kalẹ̀, kò ṣeé fún ẹni tó kàn ń tẹ bọ́tìnnì. "Ẹni inú ẹ̀kú" tó mi, tẹ́nikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.